Ìdí tí Bátìrì Fi Ń Jókòó sí Imú Ọkọ̀ Òfúrufú Kékeré

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣì máa ń dá a lóhùn bó bá pè é, ẹ̀yìn pátápátá ni bátìrì máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí. Ìrù ọkọ̀ náà kì í sì í mì nígbà náà. Ṣe ló nà gbọọrọ sẹ́yìn, ó le bí pákó.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin. Rédíò ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfúrufú ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wá fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, ó gé e, ó sì ha á títí ó fi dán. Ó fi ṣe ara kan, apá méjì àti ìrù kan. Ó fi mótò kékeré kan sí imú rẹ̀, ó sì gé ara kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ fi ṣe abẹ̀bẹ̀ tí mótò yóò máa yí. Bátìrì nìkan ló kù.

Bátìrì wúwo ju gbogbo wọn lọ, òun nìkan ló sì ní iná lára. Nítorí náà Gbádégẹṣin bọ̀wọ̀ fún un, ó bi í léèrè ibi tó wù ú láti jókòó. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀yìn ni," ni Bátìrì wí. "Ṣé o ti rí ẹni ńlá tó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà rí? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àyè àgbà."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí Gbádégẹṣin. Ó gbẹ́ ihò sẹ́yìn ọkọ̀, ó tẹ́ àkísà mímọ́ sínú rẹ̀. Bátìrì wọlé, ó fẹ̀yìn tì.

Ìrù nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Onítìjú ni Ìrù, kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń rí ohun kéékèèké. Ó rí i pé bí Bátìrì ṣe wọlé báyìí, imú ọkọ̀ gbéra lórí tábìlì, bí ewúrẹ́ tó ń na ọrùn sí ewé. Ó rí i, kò sọ fún ẹnì kankan.

Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí pápá ilé-ìwé. Gbádégẹṣin jù ú sókè. Mótò hó yee, imú ọkọ̀ kọjú sí ojú ọ̀run, ọkọ̀ náà dúró díẹ̀ lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń wá lọ, ó sì fi ìdí já bọ́. Ìrù ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó kán sí méjì.

Àwọn ọmọdé tó ń wòran rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ṣíjúwadé ní, "Bọ̀dá Gbádé, àbí ẹyin ló fẹ́ yé ni?"

Gbádégẹṣin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ Ìrù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún lọ, Ìrù sì tún kán. Lọ́tẹ̀ yìí Gbádégẹṣin yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mi orí. Ó tún lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní gọ́ọ̀mù ti fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju fóòmù lọ lára rẹ̀. Ó ní bó bá tún kán lẹ́ẹ̀kan sí i, ààtàn ló ń lọ.

Ẹ̀rù ba Ìrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ, ẹyẹlé kan wá ń ṣa àgbàdo níbẹ̀. Ó jẹ, ó jẹ, títí àyà rẹ̀ fi yọ síta. Síbẹ̀ ó fò fẹ̀rẹ̀ lọ sórí òrùlé. Ìrù gbé ìtìjú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í léèrè ibi tó kó gbogbo àgbàdo yẹn sí.

"Iwájú ni," ni Ẹyẹlé wí. "Ta ló ń fi ìdí gbé ẹrù?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìrù lára. Ó rọra pe Bátìrì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kó ṣí lọ sí imú ọkọ̀.

Bátìrì gbóná. Ó bi í bóyá ọmọ àná ló fẹ́ máa fi ìjókòó han àgbà. Mótò náà dá sí i láti iwájú, ó ní inú yàrá òun há, òun kò gba àlejò.

"Bàbá," ni Ìrù wí, "ẹ̀yin kì í kán. Èmi ni mo máa ń kán. Bí mo bá kán lónìí, ó parí nìyẹn."

Bátìrì bojú wẹ̀yìn, ó sì wo gbogbo ojú gọ́ọ̀mù tó wà lára Ìrù. Kò tíì wò ó rí. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ síwájú, ta ni yóò máa kí mi? Ẹ̀yìn mi ni gbogbo yín yóò kàn máa wò."

"Èmi ni n ó máa tẹríba fún yín," ni Ìrù wí. "Ní gbogbo ìgbà tí a bá wà lókè."

Mótò bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí? Ibo lára rẹ ló fẹ́ tẹ̀?"

Ìrù yíjú sí Gbádégẹṣin, tó ti ń gbọ́ wọn láti ìgbà yìí. "Ẹ gé mi," ló wí.

Gbádégẹṣin mú bíléèdì, ó gé Ìrù ní ìbú. Ìrù di ojú, kò ké. Gbádégẹṣin wá fi sẹ́lótéèpù so ìdajì ẹ̀yìn mọ́ ìdajì iwájú, kó lè máa ṣí kó sì máa padé bí ilẹ̀kùn. Ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ràn sí rìmóòtù lẹ́nu. Ó tẹ rìmóòtù, Ìrù sì tẹríba.

Bátìrì wúkọ́ bí àgbà. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ló wí. "Ẹ gbé mi síwájú."

Mótò kùn, ṣùgbọ́n ó sún.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, Gbádégẹṣin fi ìka méjì gbé ọkọ̀ lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó wò ó bóyá ó dọ́gba. Kò tẹ̀ síwájú, kò tẹ̀ sẹ́yìn. Ó jù ú. Ọkọ̀ náà sáré gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ, ó dorí kọ igi kajú ńlá tó wà lẹ́bàá pápá. Gbádégẹṣin tẹ rìmóòtù. Ìrù gbé orí sókè, imú ọkọ̀ náà sì gbéra, wọ́n gba orí igi náà kọjá, ewé kan kò mì. Lẹ́yìn náà Ìrù tẹríba, Bátìrì náà sì tẹ orí sílẹ̀ níwájú, bí ìgbà tí àgbà ń dáhùn ìkíni.

Wọ́n rọra balẹ̀ sórí koríko. Ikùn ọkọ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ìrù ló balẹ̀ kẹ́yìn, ó pé pérépéré.

Bátìrì sọ fún Mótò pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ẹnì kan kò tíì kí òun bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni bátìrì ti ń jókòó sí imú ọkọ̀ òfúrufú kékeré, tí ẹni tó ṣe é sì ń fi ìka méjì gbé e wò kó tó jù ú sókè. Láti ọjọ́ náà sì ni ìrù ti ń tẹ̀ tó ń nà. Bátìrì gbà pé òun ni wọ́n ń kí. Títí di òní, Ìrù kò tíì sọ fún un pé ìkíni yẹn ló ń darí ọkọ̀, pé ibi tó bá kọjú sí ni àgbà ń bá a lọ.