Òkò Tí Láwóyin Sọ Lọ́jà Ìsàgbà

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òwe yìí kò ṣàjèjì lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi í bá ọmọ wí, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ òkò náà, ṣé ẹ sì mọ orí tó bà? Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó tí ìyàn lé kúrò ní Áyálándì àti Sìkọ́tílándì láyé ijọ́hun, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń tú ìwé ọkọ̀ ojú omi kiri títí dòní kí wọ́n lè mọ ilé baba wọn. Àwọn yẹn tiẹ̀ ríwé tú. Láwóyin ní tirẹ̀ kò ní ìwé kankan, ẹnu ará Ìsàgbà nìkan ló gbójú lé, ẹnu náà sì ṣòro í ṣí.

Àdìgún, baba baba Láwóyin, ọmọ Ìsàgbà ni. Lọ́dún tí ìyàn mú débi pé àwọn ènìyàn ń fi ewé igbó ṣe oúnjẹ, ó bá àwọn tó ń wá nǹkan jẹ lọ. Ó dé Òkè-Àgbọ́n, ó rí iṣu jẹ níbẹ̀, kò sì padà mọ́ títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìsàgbà nínú ilé wọn títí Láwóyin fi rí Ọmọ́wọ́n. Ó fẹ́ ọmọbìnrin náà bí ojú, òun náà sì fẹ́ ẹ, àmọ́ baba Ọmọ́wọ́n fárígá.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́,” ni baba náà wí, “ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó fi ọmọ fọ́kọ. Lọ mú ẹnì kan wá láti ìdílé baba rẹ kí ìtàdógún tó pé. Bí o kò bá rí ẹnì kankan mú wá, Ọmọ́wọ́n ń lọ sílé ọkọ mìíràn.”

Láwóyin di ẹ̀kọ sápò, ó rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta dé Ìsàgbà. Kò sí agboolé tí kò yà. Àwọn baálé nìkan ló ń bi, kò bi obìnrin kankan, nítorí lójú tirẹ̀, obìnrin kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ìdílé. Bó bá ti ní ọmọ ọmọ Àdìgún tó lọ lọ́dún ìyàn lòun, ọkàn baálé a sáré lọ sórí oko àwọn tó lọ, èyí tí òun ti fi kún tòun láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀kan ní òun kò gbọ́ orúkọ Àdìgún rí. Èkejì ní ìyàn kankan kò mú ní Ìsàgbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀kẹta fọwọ́ kan etí, ó ní láti àná ni òun ti di adití.

Ní ọjọ́ kẹrin, Láwóyin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó tú ẹ̀kọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ní kí òun gbé e sẹ́nu, ewúrẹ́ kan já a gbà. Gbogbo inú tó ti ń bí i sí àwọn baálé ló kó lé ewúrẹ́ yìí lórí. Ó ṣa òkò, ó sọ ọ́. Ewúrẹ́ náà kò mira, ẹ̀kọ ló ń jẹ. Òkò kọjá lórí rẹ̀, ó ré àwọn oníyọ̀ kọjá, ó sì lọ ba Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó tó ń ta igbá, lápá ọ̀tún orí.

Ọjà dàrú. Wọ́n di Láwóyin mú, wọ́n fẹ́ lù ú, àfi bí Àwẹ̀ró ṣe dìde tó fọwọ́ di orí.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fojú sùn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má bínú. Ewúrẹ́ ni.”

“Báwo ló ṣe jìnnà sí ọ tó?”

“Kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ.”

Arúgbó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ìdílé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó lè dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ewúrẹ́ kó sì tàsé rẹ̀. Ta ló bí baba rẹ?”

“Àdìgún ni. Wọ́n ní ará ibí ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bi ló ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé o bi mí?”

Láwóyin kò bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọjá níwájú igbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwẹ̀ró dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún, nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ ni Àdìgún.

Ó kù ọ̀la kí ìtàdógún pé nígbà tí wọ́n wọ Òkè-Àgbọ́n, nítorí arúgbó kì í yára rìn. Baba Ọmọ́wọ́n kí wọn dáadáa, àmọ́ kò yé fura.

“Ẹ ṣeun, ìyá,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè bẹ arúgbó kan níṣẹ́ pé kó wá pe òun lọ́mọ. Kí lẹ fẹ́ fi hàn wá pé tiyín ni?”

Àwẹ̀ró kò bá a jà. Ó tú gèlè orí rẹ̀. Lápá ọ̀tún, orí wú rondo. Lápá òsì, àpá àtijọ́ kan wà tí irun kì í hù sí.

“Àpá yìí, Àdìgún ló sọ òkò bà mí lọ́dún ìyàn. Ẹyẹlé ló fojú sùn, òun sì ni à bá jẹ lọ́jọ́ náà. Inú bí mi, mo di kùnrùngbùn sí i. Lọ́jọ́ kẹta ó lọ, n kò sì dágbére fún un. Ó ń dùn mí títí dòní. Èyí tó wú yìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi kí mi lọ́jọ́ ọjà. Bí ẹ bá rí ọmọ ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tàsé báyìí, ẹ fi Ọmọ́wọ́n fún un.”

Baba Ọmọ́wọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ọmọ fọ́kọ. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí Láwóyin ṣèlérí: kò gbọdọ̀ sọ òkò nínú agboolé òun láéláé, ìbáà ṣe ejò ló rí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìsàgbà pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìgbà tí inú bá ń bí ènìyàn, tó fẹ́ ju ọ̀rọ̀ tàbí ìwà burúkú sáàárín èrò láìro ẹni tí yóò bá, ni àwọn àgbà máa ń pa á fún un, kó lè mọ̀ pé ẹni rẹ̀ ló fẹ́ ṣe léṣe. Àwọn ọmọ Láwóyin gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí àgbà bá ti pa òwe náà tán, wọ́n á rọra fi tiwọn kún un pé, “Bí baba wa bá mọ òkò sọ ni, wọn kì bá tí bí wa.”