Ewé Ẹ̀kọ Òkété

Àlọ́ o!
*Àlọ̀!*
Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lórí Ẹtu, ẹni tí ọba ẹranko fi ṣọ́ oúnjẹ ọjà. Òfin ni pé ẹ̀kọ nìkan ni kí wọ́n máa pọ́n sínú ewé ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, tó ń pani, ni Òkété ń pọ́n tà.

Ẹtu mú un, Òkété sunkún, Ẹtu fi í sílẹ̀. Ó tún mú un, Òkété dọ̀bálẹ̀, àánú tún ṣe é. Ẹ gbè é:

Ẹtu, de Òkété o!
*Ewé ń purọ́!*

Kí ó tó mú un nígbà kẹta, Ẹtu délé, ó bá òkú ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ewé ẹ̀kọ Òkété lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wọ́ Òkété dé ààfin, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ náà sí okùn. "Kábíyèsí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ dè."

Ẹ má gbè é mọ́, ẹ̀yin ọmọ.