Ọ̀jẹ́wálé Bolé Láti Òkè Wá Sísàlẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi bọ́ pọ̀ọ̀ lu orí òrùlé, ó ń yọ̀, ó ń yọ̀, kò dúró àfi níwájú Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀jẹ́wálé, ní abúlé Eléwé-Odò.

Àwẹ̀ró lóyún. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, ojú rẹ̀ ti rí, ẹnu ò lè ròyìn. Oyún ọ̀hún ti wọ oṣù rẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Tótó, tótó, tótó láàárín ilé. Ó gbé ìkòkò síbí, ó gbé igbá sọ́hùn-ún. Orí ẹní tó ń sùn lé gan-an ni èyí tó kù wá ń kán sí. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi bo òrùlé ilé náà ti jẹrà. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ibo ni òun máa tẹ́ ọmọ tuntun sí? Ṣebí ilé bàbá ọmọ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ? Ṣé inú omi ni wọ́n á jókòó sí sọ ọmọ òun lórúkọ ni?

Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tòun ti ikùn ràbàtà.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ àwọn ará abúlé ní ọ̀wẹ̀. Bí wọ́n bá kóra jọ, ọjọ́ kan péré ni wọ́n á fi bolé tán. Iṣu ń bẹ lóko, mo sì ti yan ẹran ìgalà pamọ́. Màá gúnyán fún wọn jẹ."

Ẹ wá gbọ́ èsì!

"Kí gbogbo abúlé wá jẹ ìgalà mi tán? Kí ló ṣe ọwọ́ mi méjèèjì? Èmi fúnra mi ni n ó bo ilé mi."

Ẹ má dá a lóhùn o. Ọ̀jẹ́wálé kì í lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń po amọ̀ láti mọlé fún ẹlòmíì, ẹ̀yìn a máa dùn ún. Bí iyán bá délẹ̀, ẹ̀yìn a san kíá. Irú ọkùnrin wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pa bẹẹrẹ, ó dì í ní ìdì-ìdì, ó wá okùn. Ó já gbogbo bẹẹrẹ àtijọ́ dànù lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ìgbà tí ojú ọ̀run ń bẹ Àwẹ̀ró wò lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló gbé àkàbà ti ògiri. Ó gùn ún lọ tààrà sí ṣóńṣó òrùlé, ibẹ̀ ló ti so ìdì àkọ́kọ́.

Àwẹ̀ró ké láti ìsàlẹ̀. "Baálé mi! Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ o! Ìdì ti òkè ní í bo orí ìdì ti ìsàlẹ̀, kí omi lè yọ̀ bọ́ síta. Bẹ́ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á gun ti òkè lórí, inú ilé lomi á máa wọ̀!"

"Obìnrin yìí, ta ló ń bolé, èmi àbí ìwọ? Bí mo bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ta ni á tètè rí i? Òkè ni àwọn ará ọ̀nà oko ń wò. Gbé ìgalà yẹn wá kí n máa fi panu."

Ó gbé ẹran gun òkè, ibi tí ọwọ́ aboyún ò lè tó. Ó so ìdì kan, ó bu ẹran jẹ. Ó so òmíràn, ó tún bù ú gbàǹgbà. Orin ló wá ń kọ. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ó máa wí pé "Pàkàńleke":

Èmi nìkan ló ń bolé mi o,
*Pàkàńleke.*
N ò bẹ̀wẹ̀, n ò bẹ ará ilé,
*Pàkàńleke.*
Ìgalà mi, eyín mi ló ń rún un,
*Pàkàńleke.*
Ará ọ̀nà oko, ẹ wá wò ó o,
*Pàkàńleke.*

Àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì ń dúró wò ó lóòótọ́. "Ọ̀jẹ́wálé, ìwọ nìkan? O kú iṣẹ́ o!" Òrùlé náà rẹwà lókèèrè, ó ń dán bí irun orí wúńdíá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín pa á. Ọ̀jẹ́wálé wú bí àkàrà inú epo. Nígbà tó parí, Àwẹ̀ró náà wò ó, ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní bóyá òun lòun ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ ẹní, ó to àwọn aṣọ ọmọ sí igun yàrá.

Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ní kó má tíì tò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Afẹ́fẹ́ dé, fììì. Òjò dé, wàà! Omi ò yọ̀ bọ́ síta rárá. Àárín ìdì méjì-méjì ló ń gbà wọlé, ṣọ̀ọ̀ọ̀! Tótó ti tẹ́lẹ̀ wá dà bí eré. Ẹní tutù, aṣọ ọmọ tutù, iná ààrò kú fin-ín. Ọ̀jẹ́wálé sáré gun òkè láti lọ dí i. Bẹẹrẹ tó ti mumi yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, gìràgà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lu òrùlé já, ó há sáàárín igi. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbójú sókè, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló rí tó ń fì dirodiro lókè ààrò.

"Àwẹ̀ró! Fà mí!"

"Kí n fà yín lọ sókè ni, àbí kí n fà yín wá sísàlẹ̀?"

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni Àwẹ̀ró wà tí ìrọbí fi mú un. Ó di òpó mú. Ọmọ ti ń bọ̀, kò sì síbi tó gbẹ nínú ilé náà tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ta ni yóò ké pè? Ilé ta ni ọkọ rẹ̀ ti ru amọ̀ rí? Ó kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ìrora kejì dé, ó gbé ìtìjú tà, ó la ẹnu:

Ará ilé o, ẹ gbà mí o,
*Pàkàńleke.*
Òrùlé là, òjò wọlé wá,
*Pàkàńleke.*
Ọmọ ń bọ̀, ibi gbígbẹ ò sí,
*Pàkàńleke.*
Ẹ má wojú ọkọ, ẹ wo tèmi,
*Pàkàńleke.*

Bàbá Àkànjí, tó máa ń ṣáájú wọn lọ sí ọ̀wẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Ṣebí ilé Ọ̀jẹ́wálé ni? Kó máa jẹ ìgalà rẹ̀ lọ."

"Ṣé Ọ̀jẹ́wálé ló ń rọbí ni?" Bàbá Àkànjí kígbe mọ́ ọn. "Ẹ gbé ẹní, ó yá!"

Tọkùnrin tobìnrin tú jáde. Wọ́n na ẹní lé Àwẹ̀ró lórí, wọ́n gbé e gba abẹ́ ẹsẹ̀ Ọ̀jẹ́wálé kọjá.

"Èmi ńkọ́?" ni Ọ̀jẹ́wálé ń pariwo.

"Máa fi ẹsẹ̀ yẹn dí ihò fún wa ná!"

Ilé Bàbá Àkànjí ni wọ́n gbé Àwẹ̀ró lọ, níbi tí ilẹ̀ gbẹ, tí iná ń jó. Òjò ò tíì dá tí igbe ọmọ fi sọ. Obìnrin ni, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lọ fa Ọ̀jẹ́wálé yọ bí ẹni ń wa iṣu.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn dé tàkàbà tàkàbà. Bàbá Àkànjí ní, "Ọ̀jẹ́wálé, já a wálẹ̀." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi já òrùlé tó ń dán. Wọ́n ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdì lórí ìdì, oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé ṣóńṣó. Ọ̀jẹ́wálé ní òun á gúnyán fún wọn. Ó gún un lóòótọ́, òógùn bò ó. Ọbẹ̀ ńkọ́? Egungun ló kù nínú ìgalà. Àwọn obìnrin àdúgbò ló gbé ọbẹ̀ wọn wá. Ọ̀jẹ́wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin ará ilé, mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú."

"Dìde," ni Bàbá Àkànjí wí. "Ìwọ ló máa po amọ̀ lọ́la, nílé ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ odò."

"Mo ti ń bọ̀, bàbá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni màá dé."

Ó sì dé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Àwẹ̀ró gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé. Àwọn èèyàn jókòó, oyin ti wà nílẹ̀, iyọ̀ ti wà nílẹ̀. Ni òjò bá tún ṣú. Kò pẹ́, wàà! Gbogbo ojú lọ sókè. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo orí ọmọ, ó ń retí. Òjò ń lu bẹẹrẹ, ó ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ bọ́ síta. Nínú ilé, ẹ̀kán kan ò kán. Àwẹ̀ró mú ọwọ́ kúrò lórí ọmọ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní.

"Ẹ sọ ọ́ lórúkọ," ló wí. "Ilé gbẹ."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Bí mo bá purọ́, kí ilé mi máa jò lójú ọ̀dá. Bí n ò bá purọ́, kí n sùn gbẹ títí òjò ọdún yìí á fi dá.

Ẹ ó sùn gbẹ!

Àṣẹ. Ẹ fetí sí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: kò burú kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́, kó bèèrè. Bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, kó gbọ́ tìyàwó. Ẹ má sì torí oúnjẹ sá fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Òjò tí ahun bá fà wọlé kì í pa ahun nìkan. Ó ń pa ìyàwó, ó ń pa ọmọ.