Àwẹ̀ró Agbálẹ̀-Igbó

Bí o bá dé ìlú Ìdóbì, tí o ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín kí o tó mọ ìdí rẹ̀, wọn kò ní bá ọ jà. Wọn yóò kàn wí fún ọ pé, "Jẹ́ kí ọyẹ́ dé kí o tó pe agbálẹ̀-igbó ní wèrè." Ta ní ń gbálẹ̀ igbó? Ilé là ń gbá, ojúde là ń gbá. Igbó tí ewé ń já sí tọ̀sán-tòru, ta ni yóò gbá a tán? Òwe náà a máa rú àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò rú ọmọ Ìdóbì kankan lójú, nítorí a mọ ẹni tó gbá a.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ga, ó sì máa ń gbé orí sókè bó bá ń rìn, débi tí àwọn kan fi ń sọ pé ó gbéra ga. Ó tọ́ sí i jàre! Oko obì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó na kọjá gbogbo ẹ̀yìn ìlú láàárín ilé àti igbó ọdẹ, kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo agbègbè náà. Iná ọyẹ́ ti jó oko ọ̀hún run rí; tẹkún-tẹkún ni ìyá rẹ̀ fi tún un gbìn. Kí arúgbó náà tó kú, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Àwẹ̀ró, iná kò lẹ́sẹ̀. Orí ewé gbígbẹ ló ń gbà rìn. Bí o bá ti kó ewé kúrò, ìrìn rẹ̀ pin nìyẹn."

Nítorí náà, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Àwẹ̀ró a mú àdá, a ṣán igbó yí oko rẹ̀ ká, ibi tó ṣán a sì fẹ̀ débi pé bí ọ̀pẹ bá wó síbẹ̀, imọ̀ rẹ̀ kò ní kan òdìkejì. Lẹ́yìn náà a mú ìgbálẹ̀, a gbá a títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Àràárọ̀ ló ń lọ, torí ewé kì í sinmi.

Ọdẹ́tókun, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, ni Olúọdẹ ìlú. Ọdẹ gidi ni, a kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń pa ẹran ju ìbọn rẹ̀ lọ. Ó bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ta lo ń gbà lálejò? Ṣé ọ̀yà ló ń bọ̀ wá jẹun níbí ni?"

"Ọkọ mi, ẹ kú ọdẹ o."

"Ó yẹ kí o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ìlú. Wọ́n ní orí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti dàrú. O ń dójú tì wá o."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra, ṣùgbọ́n kò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná kí ẹ tó pè mí ní wèrè."

Ọyẹ́ dé lóòótọ́. Tọdún náà le. Ètè ń là, koríko gbẹ háúháú. Àwọn ọdẹ Ìdóbì a máa finá sí koríko kí ọ̀yà lè sá jáde, ṣùgbọ́n èèwọ̀ wọn ni kí wọ́n dáná nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́tókun sùn gbàgbé. Ọ̀sán gangan ló kó àwọn ọdẹ jáde.

"Olúọdẹ, ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́."

"Iná tí èmi Ọdẹ́tókun bá dá, ibi tí mo bá ní kó dé ló ń dé!"

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ó ṣáná. Ọ̀yà jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráyè yìnbọn, torí afẹ́fẹ́ yí padà, iná sì kọjú sí àwọn ọdẹ àti ìlú lẹ́yìn wọn. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀tún ń jó, òsì ń jó. Kìkì ilẹ̀ pupa kan ni wọ́n rí níwájú. Àwẹ̀ró ti gbóòórùn èéfín, ó dúró lórí rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ìyàwó! Níbo la máa gbà?"

"Ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ tí mo gbá! Ẹ ṣẹ́ ewé tútù dání, ibi tí ẹ̀ta iná bá bọ́ sí, ẹ lù ú pa!"

Ọdẹ́tókun tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọdẹ gba àṣẹ lẹ́nu opó. Iná jó dé etí ilẹ̀ pupa náà. Ó wá ewé tí yóò gùn, kò rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ títí ó fi kú. Igi obì kan ṣoṣo kò jó, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé kan kò jó ní ìlú.

Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn wo oko ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Ó gbé orí sókè, kò sì sẹ́ni tó pè é ní agbéraga lọ́jọ́ náà.

"Ọkọ mi," ó ní, "ọyẹ́ ti dé."

Ọdẹ́tókun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Háà, ọkọ mi, ẹ dìde! Aṣọ yín á dọ̀tí."

"Báwo ni yóò ṣe dọ̀tí? Ṣé o ò gbá ibẹ̀ ni?"

Nígbà tí òjò ọdún kejì ń kásẹ̀ nílẹ̀, tilé-toko ló mú ìgbálẹ̀ jáde lọ yí gbogbo oko Ìdóbì ká, Àwẹ̀ró ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Àlejò kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó ya ẹnu.

"Ṣé gbogbo ìlú yìí ló ya wèrè ni?"

Ọdẹ́tókun ló wà nítòsí rẹ̀ jù. Kò tilẹ̀ nàró, ó kàn ń gbálẹ̀ lọ.

"Àlejò," ó ní, "jẹ́ kí ọyẹ́ dé kí o tó pe agbálẹ̀-igbó ní wèrè."