Férémù Aláwọ̀ Wúrà

Ọ̀nà tí a gbà gun igi la ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Àjàgbé ní ìyẹ́ lápá ní tirẹ̀. Ó fẹ́ gbé ìyàwó tuntun ní Sátidé, ó wá mú Mojírọ́lá ìyàwó rẹ̀ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí wọ́n tú wọn ká kíá. Ó gbé ìwé ìgbéyàwó wọn dání nínú férémù aláwọ̀ wúrà.

"Ṣé rẹ́jísírì lẹ ti ṣègbéyàwó?" adájọ́ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Èmi kì í ṣe ará oko."

"Ará oko là ń tú ká níbí. Ilé ẹjọ́ gíga ni kí ẹ gbé tiyín lọ. Tí ẹ bá gbé ìyàwó kí wọ́n tó tú yín ká, ẹ̀wọ̀n ni."

Mojírọ́lá fi etí gèlè nu eruku ara férémù náà.

"Bàbá Tántọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e kọ́ padà."