Agolo Mẹ́ta Làmídì Dígí

Ní ìlú Ẹdẹ, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Làmídì Dígí. Kì í ṣe pé ó ń ta dígí. Ọkọ̀ ló ń fọ̀, tó sì ń dán, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lè wo ara ọkọ̀ náà fá irùngbọ̀n. Oníbàárà kan tilẹ̀ dán an wò, ó sì fi abẹ ya ara rẹ̀ lágbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dá Làmídì lẹ́bi.

Lójú àwọn ará àdúgbò, gbogbo ohun tí a bá ti fi pa ọkọ̀ lára, pọ́líìṣì ni. Làmídì kì í fara mọ́ irú àìmọ̀kan bẹ́ẹ̀. Agolo méjì ló wà lórí pẹpẹ rẹ̀, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ. Ọ̀kan ni Pankéèkì, ìpara ọlọ́ràá tó ń dí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí àkísà burúkú ti fà sára ọ̀dà, tí ọkọ̀ arúgbó yóò fi dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Èkejì ni Ìda, tó ń mú kí ara ọkọ̀ máa dán yinrinyinrin. Àléébù wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí òjò bá rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn méjèèjì á bá omi lọ. Làmídì kì í ka èyí sí àléébù. Oníbàárà á kúkú padà wá.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Tíṣà ránṣẹ́ pè é. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí. Òun ló kọ́ Làmídì ní ìwé kẹrin, fún ọdún méjì gbáko, nítorí Làmídì kò kánjú. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi Pijó kan aláwọ̀ aró sílẹ̀ fún un lójúde. Ojú ìyá náà ti ṣú. Àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀, Oyèkúnlé ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ.

"Làmídì," Màmá ní, "ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wo ọkọ̀ yìí bí ẹni ń wo èèyàn láàrin ọyẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá gbé e wálé, mo rí ojú mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì tún gèlè mi ṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní, tí mo bá dé, mo fẹ́ tún gèlè mi ṣe níbẹ̀."

"Màmá, ó ti parí."

"Kò tíì parí. Oyèkúnlé, sọ ìyókù fún un."

Oyèkúnlé hú ikọ́. "Mo ti bá àwọn oníirin àlòkù sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ yìí kò bá jọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a bá dé, wọ́n á wá wọ́ ọ lọ lọ́jọ́ kejì. Màmá náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Adìẹ ló kù tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀."

"Adìẹ kan ṣoṣo ni," Màmá ní.

Làmídì padà sílé pẹ̀lú ẹrù lọ́kàn. Ìgbà òjò ni wọ́n wà, Pankéèkì àti Ìda kò sì lè fara da ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó wá lọ ra agolo kẹta, irú èyí tí kò lò rí. Ẹni tó tà á fún un búra pé oòrùn àti òjò oṣù mẹ́rin kò lè ráyè kọjá lára rẹ̀. Làmídì sọ ọ́ ní Àgádágodo. Ìwé wà lẹ́yìn agolo náà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Làmídì kò kà á. Lójú tirẹ̀, àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀yìn agolo fún.

Ó jókòó, ó ronú bí àgbà ọ̀jẹ̀. Ta ló ń ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé tó wọlé tán? Pankéèkì á kọ́kọ́ wọlé, Ìda á tẹ̀ lé e, Àgádágodo á wá ti gbogbo wọn mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì ṣe é. Nígbà tó parí, Pijó náà dán tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ náà fi dé, tó rí adìẹ mìíràn lára ilẹ̀kùn, tó sì bá a jà títí di ìrọ̀lẹ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, Làmídì rí i pé ara ọkọ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rí ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ bí ìgbà tí ògì bá dà sára ìkòkò. Ó fi Àgádágodo kún Àgádágodo, ìlà náà sì pọ̀ sí i. Ó gbé agbòòrùn wá, ó dúró tì í nínú òjò, ṣùgbọ́n Pijó gùn ju agbòòrùn lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ìlà àtijọ́ ti yọjú padà, ti tuntun sì wà lórí wọn. Adìẹ náà kò rí ẹni bá jà mọ́, ó padà sórí ẹyin rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Màmá dé pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú. Oyèkúnlé rí bí ẹni tó ti gbọ́ ìwàásù kan náà láti àárọ̀, nítorí pé láti Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀ ti ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà sókè, títí kan èyí tó ní kí wọ́n má ṣe tọ̀ síbẹ̀. Màmá yọ gíláàsì, ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí gèlè.

Ìlà funfun nìkan ló rí níbẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Làmídì ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Màmá, agolo yẹn ló dà mí. Ẹni tó tà á fún mi búra."

"Àwọn oníirin àlòkù ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la," Oyèkúnlé ní, kò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀.

"Gbé agolo náà wá," ni Màmá wí.

Ó yí i sẹ́yìn, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, láìlo gíláàsì kankan, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ tó wà lókè òkun. "Ó ní kí o fi pa ara ọ̀dà tó mọ́ tónítóní, tí kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ó ní kí o jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ìda lé e. Kí ni ìwọ kọ́kọ́ fi pa á?"

"Pankéèkì, mà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ọ̀rá, mà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ìda. Ọ̀rá lòun náà."

"Bọ́ fìlà rẹ."

Ó bọ́ ọ.

"Gbé e sílẹ̀. Gùn ún."

Làmídì gbé e sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹsẹ̀ náà sì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, fìlà ni. Orí ló wà fún."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, mà. Ṣé ohun tí a ń dé sórí la ó máa gùn?"

"Ìda náà, orí ló wà fún. Ìwọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, o wá ní kí Àgádágodo dúró lórí ẹ̀. Ọ̀rá ò ṣe é dúró lé. Dé fìlà rẹ. Ọ̀sán ọ̀la kò tíì dé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Làmídì fi ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ọ̀rá lára rẹ̀ mọ́. Ó nù ún gbẹ, ó fi Àgádágodo pa á. Màmá jókòó sórí àga, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, èyí tí kò rí kà láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wákàtí pé, Làmídì na ọwọ́ sí agolo Pankéèkì. Màmá wúkọ́. Làmídì ká ọwọ́ kò. Nígbà tó pé, ó fi Pankéèkì pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá fi Ìda dé e lórí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àkísà nù ún tán ni òjò dé. Omi dúró lórí ọkọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó yí, ó sì bọ́ sílẹ̀, kò mú nǹkan kan dání. Nígbà tí òjò dá, Màmá rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ sí gèlè, ó wo ara rẹ̀ títí.

"Mo ti darúgbó," ó ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran, ẹ ò sì sọ fún mi." Ó wá tún gèlè náà ṣe.

Ibẹ̀ ni ẹni tí àwọn oníirin àlòkù rán wá bá wọn. Ó rìn yí ojúde ká lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ Pijó náà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra kóra jọ kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn án. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "wọ́n ní irin kan wà níbí tí ẹ fẹ́ kó dànù."

"Ilé tí ẹ ń wá kọ́ nìyí," Oyèkúnlé dá a lóhùn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń jiyàn pé òwe tó gbẹ̀yìn ìtàn yìí ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wa kí mọ́tò tó dé. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, kó lọ bi Làmídì, tó gbé ẹsẹ̀ sókè lórí fìlà ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.