Ìdí Tí Mumimábì Fi Ń Fura sí Ìtọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn títí, ó bá Ìyá Àwẹ̀ró, ó bá Òwú, ó bá Kànrìnkàn, ó bá Iyọ̀, ó sì bá àjèjì kan tí wọ́n ń pè ní Mumimábì.

Ìyá Àwẹ̀ró ti dàgbà. Ìtọ̀ kì í dúró dè é mọ́. Bó rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ dé. Bó sín, ìtọ̀ dé. Ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Òun ni àgbà ilé, òun ni yóò fi iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu lójú àwọn àna. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Tí ẹní bá rin nídìí òun ńkọ́?

Ó ní, “Ta ni yóò bá mi gbà á?”

Òwú ní, “Èmi ni, Ìyá.”

Òwú mu, ó mu. Ìyá jókòó lé e. Òwú bì í jáde, ìró Ìyá rin gbingbin.

“Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́. Kúrò ńbí.”

Kànrìnkàn ní, “Ẹ jẹ́ kémi gbìyànjú.” Ó mu ju Òwú lọ. Ìyá jókòó lé e. Òun náà bì í jáde.

“Ọ̀dàlẹ̀ kejì,” ni Ìyá wí.

Mumimábì wá dé. Ó funfun, ó rí wínníwínní. Ìyá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

“O jọ Iyọ̀.”

“Mo jọ ọ́, Ìyá, àmọ́ èmi kọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí èmi àti Iyọ̀ fojú kojú.”

Ó mu, ó mu, ó wú. Ìyá jókòó lé e. Ó dìde, ó tún jókòó. Gbígbẹ ni.

“Níbo lo kó omi náà sí?”

“Inú mi ni, Ìyá.”

“Kò sì ní jáde?”

“Kò ní jáde.”

Ọkàn Ìyá ò balẹ̀. Ẹni tó ń gbà tí kì í dá padà, kí ló ń rò? Bóyá ó ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìkómọ ni, kó lè dójú ti òun. Kí ló tiẹ̀ dé tó ń sá fún Iyọ̀?

Ọjọ́ ìkómọ pé. Àna kún ilé. Ìyá jókòó sórí ẹní, àwo iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mumimábì wà lábẹ́ ìró. Wọ́n dápàárá, Ìyá rẹ́rìn-ín. Mumimábì gbà á. Ìyá sín. Mumimábì gbà á. Ẹní gbẹ.

Ó yẹ kínú Ìyá dùn. Ìfura ò jẹ́. Ó bu Iyọ̀ díẹ̀, ó dọ́gbọ́n tì í bọ abẹ́ ìró.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Iyọ̀, bi í léèrè ibi tó kó omi sí.”

Iyọ̀ ò tíì la ẹnu. Ó kàn fara kan Mumimábì ni. Ara Mumimábì rọ, ọwọ́ rẹ̀ tú. Omi tó ti ń gbà láti àárọ̀ ya jáde, ó ṣàn lórí ẹní títí dé ẹsẹ̀ àwọn àna.

Mumimábì ní, “Ìyá, mo ṣáà bẹ̀ yín.”

Ìyá sorí kọ́. Ojú tì í débi pé kò lè gbé àwo iyọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí ẹni tí yóò pè lọ́dàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Mumimábì ti wọ inú ìlédìí ọmọ tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ, tó ní kí wọ́n rán òun mọ́bẹ̀, kí Iyọ̀ má bàa rí òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá fún un lómi lásán, á mu ún bí ẹni máa kú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìtọ̀, ìwọ̀nba ló ń mu. Iyọ̀ wà nínú ìtọ̀, Mumimábì sì ń gbóòórùn rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi bojú wẹ̀yìn dé nìyẹn. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ẹní tí mo jókòó lé yìí rin. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé iyọ̀ yẹn sẹ́yìn ná.